Bẹ́ ẹ ṣe lè fowó táṣẹ́rẹ́ ṣètò dátábéèsì tí ò ní já ilé iṣẹ́ kékeré kulẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ilé ìwé ṣe pọ́tà, ẹ̀yin oní-kóópù tí ọmọ ẹgbẹ́ ń wo owó wọn lórí fóònù, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú yín, sáfà kan ṣoṣo lẹ ní, orí ẹ̀ ni áàpù wà, orí ẹ̀ náà ni dátábéèsì wà, ọjọ́ tó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí ọjà rà, kò sẹ́ni tó máa rí owó san, kásítọ́mà á wá máa pè yín lápètúnpè, ẹ ò sì ní mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún wọn. Àwọn kan ti sọ fún yín pé high availability, ìyẹn kí nǹkan máa ṣiṣẹ́ lọ kódà tí sáfà kan bá kú, nǹkan báńkì ni, pé owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó sáfà kékeré kan sí i lóṣooṣù, pẹ̀lú òpin ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ máa fi jókòó tì í dáadáa, ìyẹn náà ló máa ná yín.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí sáfà kú kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ni kí sáfà méjì jọ máa rò pé àwọn lọ̀gá lẹ́ẹ̀kan náà, kásítọ́mà kan ń kọ ọ́dà ẹ̀ síbí, ẹlòmíì ń kọ tiẹ̀ sọ́hùn-ún. Dátábéèsì tó dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ bẹ kásítọ́mà, ọ̀rọ̀ tán. Èyí tó bá ti pín sí méjì, ẹ ó máa to rìsíìtì ní ìkọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó sanwó àtẹni tí ò san. GitHub, ilé iṣẹ́ táwọn tó ń kọ áàpù ń kó kóòdù wọn pa mọ́ sí, rí i. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2018, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn já fún ìṣẹ́jú àáyá 43 péré, ẹ̀rọ tó ń bá wọn yan ọ̀gá sáré gbé iṣẹ́ fún sáfà tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó wà ní ìlà oòrùn ti gba àwọn nǹkan kan wọlé tí kò tíì dé ọ̀hún. Ó ju wákàtí 24 lọ kí gbogbo ẹ̀ tó bọ̀ sípò. Ilé iṣẹ́ tí ẹnjiníà kún inú ẹ̀ bámúbámú nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí, èèyàn ló máa sọ pé kí sáfà kejì gbaṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ, ó kéré tán títí dìgbà tẹ́ ẹ máa ní ẹ̀kẹta.

PostgreSQL 16 (dátábéèsì ọ̀fẹ́ kan, Postgres la ń pè é ní kúkúrú) lórí Debian tàbí Ubuntu, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, ni màá fi ṣàlàyé. Sáfà tó ń gba nǹkan wọlé, ọ̀gá ni màá máa pè é, èyí tó ń dà á kọ tẹ̀lé e, ìgbákejì.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan

Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tó ni owó. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: tí gbogbo ẹ̀ bá dákẹ́, ó tó ìgbà wo kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́? Tá a bá sì fẹ́ pàdánù lára ohun táwọn èèyàn ti kọ wọlé, ṣé ti ìṣẹ́jú kan la lè gbà ni, àbí ti wákàtí kan, àbí kò gbọ́dọ̀ sí rárá? Ẹ kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ìyẹn ṣì fàyè sílẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú 45 lọ́dún kan tí nǹkan á fi wà ní títì, 99 sì ju ọjọ́ mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré tí mo mọ̀, tí nǹkan bá padà láàárín ìdajì wákàtí, wọ́n á dúpẹ́. Ìdajì wákàtí yẹn, èèyàn kan tó mọ ohun tó ń ṣe tó o.

Ìgbésẹ̀ kìíní: backup ló ṣáájú

Mi ò ní dákẹ́ lórí èyí. Ìgbákejì kì í ṣe backup. Tí ọmọọṣẹ́ yín bá ṣèèṣì pa tébù kan rẹ́ lórí ọ̀gá, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ìgbákejì náà ti pa tiẹ̀ rẹ́, torí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ohun tí ọ̀gá bá ṣe lòun náà ń ṣe. Torí náà tẹ́ ẹ bá ní owó nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, backup ni kẹ́ ẹ fi ṣe, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ dìgbà tówó bá wọlé.

Ẹ kọ script kékeré kan sínú fáìlì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí cron, aago inú Linux tó ń pe kọmáńdì fúnra ẹ̀, máa pè é lálaalẹ́ (oja ni mo pe dátábéèsì níbí):

pg_dump -Fc -d oja -f /var/backups/oja-$(date +%F).dump

Inú fáìlì ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí o, ẹ má kọ ọ́ tààrà sínú crontab, torí cron máa ń ka àmì % yẹn sí nǹkan míì, kọmáńdì yín á sì gé sí méjì láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi rclone gbé fáìlì yẹn lọ síbòmíì, sí ilé iṣẹ́ míì tó yàtọ̀ sí èyí tó ń yá yín ní sáfà, torí tí wọ́n bá ti àkáǹtì yín pa nítorí káàdì tí kò gba owó mọ́, sáfà àti backup á jọ lọ ni.

Kẹ́ ẹ wá dá a padà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi pg_restore da èyí tó tuntun jù sínú dátábéèsì òfìfo kan, kẹ́ ẹ ka iye ọ́dà tó wà nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ 31 oṣù kìíní 2017, ẹnjiníà kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ GitHub, rò pé orí sáfà kejì lòun wà, ó pa fóódà dátábéèsì rẹ́, àṣé ọ̀gá gan-an ló wà. Nínú bíi 300 GB, 4.5 GB ló kù kó tó dá a dúró. Wọ́n sáré lọ sídìí pg_dump, wọn ò bá nǹkankan níbẹ̀, torí irú pg_dump tó ń ṣiṣẹ́ ti 9.2 ni, dátábéèsì sì jẹ́ 9.6, ó ti ń kùnà tipẹ́, ímeèlì tó yẹ kó sọ fún wọn ò wọlé. Snapshot kan, ìyẹn ẹ̀dà dísìkì bó ṣe rí nígbà kan, tó ti pé bíi wákàtí mẹ́fà ló yọ wọ́n. Wọ́n fúnra wọn ló kọ gbogbo ẹ̀ síta fáyé kà, mo sì mọyì wọn fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí sáfà kejì máa wà

Ilé kan náà ò gbọ́dọ̀ gba àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹta 2021, iná jó ilé data center kan ti OVH, ilé iṣẹ́ tó ń yá èèyàn ní sáfà, ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé, ó jó o kanlẹ̀ ni, àwọn tí sáfà wọn àti backup wọn jọ wà níbẹ̀ sì pàdánù méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ń yá VPS (sáfà tí wọ́n ń yá èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ẹ mú ìlú méjì, tàbí ilé iṣẹ́ méjì pàápàá. Iye owó ò le: lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn, sáfà 1 GB sí 2 GB ò ju dọ́là mélòó kan lóṣù, ó sì tó fún ìgbákejì ilé iṣẹ́ kékeré, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lè ru ẹrù náà dáadáa lọ́jọ́ tó bá kàn án, ẹ jẹ́ kí memory ẹ̀ sún mọ́ ti ọ̀gá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé sáfà sínú ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì, tí Népà ń mú iná lọ nígbàkigbà, tẹ́ ẹ wá ń gbára lé inverter, tiyín tún dùn sí i: ẹ fi ọ̀gá sílẹ̀ níbi tó wà, kẹ́ ẹ fi ìgbákejì sórí kiláòdù. Ohun tó ń gba orí wáyà kọjá láàárín àwọn méjèèjì kì í pọ̀, àwọn nǹkan tó yí padà nìkan ló ń lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì lásán máa gbé e.

Ó wá ku nǹkan kan nípa jíjìnnà. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ẹni tó wà l'Ékòó tó ń wo sáfà ẹ̀ ní Yúróòpù lè máa rò pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ sáfà yẹn wà láàyè, ó ń dá àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lóhùn. Ẹ rántí ìyẹn tá a bá dé ìgbésẹ̀ kẹjọ.

Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jẹ́ Debian kan náà tàbí Ubuntu kan náà, kí nọ́ńbà Postgres wọn bára mu. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Bí Linux ṣe ń to álífábẹ́ẹ̀tì yí padà nígbà tí glibc, apá Linux tó ń bójú tó irú ẹ̀, dé 2.28, tí ọ̀gá bá wà lórí èyí tó ti pẹ́, tí ìgbákejì wà lórí tuntun, ìndẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ dà kọ á ti dàrú, orúkọ kásítọ́mà á wà nínú tébù, ẹ ó wá a, ẹ ò ní rí i. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ìgbákejì sípò ni yóò tó hàn.

Láàárín àwọn méjèèjì, ẹ lo WireGuard, ọ̀nà àdáni tí ẹlòmíì ò lè yọjú sí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀gá jẹ́ 10.8.0.1, ìgbákejì 10.8.0.2. Ẹ ti port 5432, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ Postgres, pa mọ́ gbogbo ayé, kó jẹ́ inú WireGuard nìkan ló ti ṣí:

sudo ufw allow in on wg0 to any port 5432 proto tcp

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ múra ọ̀gá sílẹ̀

Ẹ ṣẹ̀dá ẹni tí ìgbákejì máa fi orúkọ ẹ̀ wọlé, ó máa bi yín ní pásíwọ́ọ̀dù, ẹ fún un ní èyí tó gùn:

sudo -u postgres createuser --replication -P replika

Nínú /etc/postgresql/16/main/postgresql.conf, ẹ fi àwọn wọ̀nyí sí i:

listen_addresses = '*'
wal_log_hints = on
max_slot_wal_keep_size = 10GB

Nínú pg_hba.conf, ìlà kan:

host replication replika 10.8.0.2/32 scram-sha-256

Áàpù náà nílò ìlà tiẹ̀ níbẹ̀ tó bá ń ti orí ẹ̀rọ míì wọlé. Ẹ kọ gbogbo èyí sórí ìgbákejì náà, kẹ́ ẹ yí IP padà níbi tó yẹ, torí lọ́jọ́ kan òun náà máa dọ̀gá. Ẹ tún max_connections wò, ti ìgbákejì ò gbọ́dọ̀ kéré sí ti ọ̀gá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní gbà láti gbéra. Kẹ́ ẹ wá tan ọ̀gá pa kẹ́ ẹ tún un tàn, lálẹ́ tí èèyàn ò pọ̀.

Ìlà 10GB yẹn ṣe pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá lo slot, ìyẹn àmì tí ọ̀gá fi ń rántí ibi tí ìgbákejì bá a dé, ọ̀gá máa ń fi gbogbo ohun tí ìgbákejì kò tíì gbà pa mọ́ dè é. Tí ìgbákejì bá wá kú lọ́jọ́ Ẹtì tí ẹnikẹ́ni ò kíyè sí i, ọ̀gá á máa kó o jọ, á máa kó o jọ, 16 MB lórí 16 MB, títí dísìkì á fi kún, ọ̀gá gan-an á wá dákẹ́. Ohun tẹ́ ẹ ṣètò kí nǹkan má bàa kú, òun náà ló wá pa á. Pẹ̀lú ìlà yẹn, tó bá ti kọjá 10 GB, ọ̀gá á ju ìgbákejì nù, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ẹ̀yin á sì tún ìgbákejì dà kọ tẹ́ ẹ bá ráyè. Ẹ wo bí dísìkì yín ṣe tóbi tó kẹ́ ẹ tó mú nọ́ńbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ da ìgbákejì kọ

Orí ìgbákejì lẹ ti máa ṣe èyí. Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ tẹ hostname, kẹ́ ẹ ka ohun tó jáde síta pẹ̀lú ẹnu. Ọ̀rọ̀ GitLab yẹn, ibí gan-an ló ti ṣẹlẹ̀ sí wọn. Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ yí àwọ̀ terminal ọ̀gá sí pupa. Ẹ má sì lo rm, mv ni kẹ́ ẹ lò, dísìkì ò wọ́n tó orun alẹ́ yín.

sudo systemctl stop postgresql@16-main
sudo -u postgres mv /var/lib/postgresql/16/main /var/lib/postgresql/16/main.atijo
sudo -u postgres pg_basebackup -h 10.8.0.1 -U replika -D /var/lib/postgresql/16/main -R -X stream -C -S igbakeji -P
sudo systemctl start postgresql@16-main

Lẹ́tà -R yẹn ló ń kọ fáìlì standby.signal àti bí ìgbákejì ṣe máa rí ọ̀gá, ẹ ò ní láti fọwọ́ kọ ọ́. Láyé ìgbà kan recovery.conf la máa ń kọ, láti Postgres 12 wọ́n ti pa ìyẹn tì, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ìtọ́sọ́nà tó ṣì ń sọ̀rọ̀ recovery.conf, ẹ mọ̀ pé ó ti gbó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé ó ń tẹ̀lé e lóòótọ́?

Lórí ọ̀gá:

SELECT client_addr, state, pg_wal_lsn_diff(pg_current_wal_lsn(), replay_lsn) AS eyin FROM pg_stat_replication;

Ẹ fẹ́ rí ìlà kan, kí state jẹ́ streaming, kí nọ́ńbà eyin (bí ìgbákejì ṣe wà lẹ́yìn tó) kéré. Lórí ìgbákejì, SELECT pg_is_in_recovery(); gbọ́dọ̀ dá yín lóhùn pẹ̀lú t. Ẹ gbìyànjú láti ṣẹ̀dá tébù lórí ìgbákejì, ó gbọ́dọ̀ kọ̀ fún yín, tó bá gbà, ẹ dúró, kì í ṣe ìgbákejì lẹ ní níbẹ̀ yẹn.

Àwọn kan á sọ pé kẹ́ ẹ sọ ọ́ di synchronous, ìyẹn kí ọ̀gá máa dúró de ìgbákejì kó tó gba nǹkan wọlé, kí ohunkóhun má bàa sọnù. Pẹ̀lú sáfà méjì péré, mi ò fara mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ìgbákejì bá dákẹ́, gbogbo ọ́dà tó ń wọlé lórí ọ̀gá á dúró sójú kan, wọ́n á máa dúró de ẹni tí ò sí. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ gbà pé ohun tí wọ́n kọ ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn lè sọnù lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá kú lójijì. Ní ti owó, àkọsílẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá yín gbà á, bíi Paystack tàbí Flutterwave, ẹ lè fi wéra.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí áàpù ṣe máa mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń lọ ra load balancer, ohun tó ń darí áàpù sí sáfà tó yẹ, tàbí kí wọ́n máa bá keepalived, tó ń gbé IP láti sáfà kan sí ìkejì, jà lórí VPS tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ò gbà á láyè. Láti Postgres 10, àwọn áàpù tó bá ń lo libpq, ohun tí áàpù fi ń bá Postgres sọ̀rọ̀, bíi Python pẹ̀lú psycopg, lè gba sáfà méjì sínú ìlà kan:

postgresql://app@10.8.0.1,10.8.0.2/oja?target_session_attrs=read-write&connect_timeout=3

Á gbìyànjú ti àkọ́kọ́, tí kò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, tàbí tó dáhùn àmọ́ tí kò gba ìkọ̀wé, á lọ sí ìkejì. Ọ̀fẹ́ ni. Java náà ní tiẹ̀, targetServerType=primary ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Tí èdè tẹ́ ẹ fi kọ áàpù yín ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí àdírẹ́ẹ̀sì dátábéèsì wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ máa yí padà kẹ́ ẹ sì tún áàpù tàn, ó tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ìlà yẹn dáadáa. Ká ní ọ̀gá àtijọ́ kú, ẹ gbé ìgbákejì sípò, áàpù ti lọ síbẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ. Lẹ́yìn wákàtí méjì iná dé, ọ̀gá àtijọ́ jí fúnra ẹ̀, Postgres jí pẹ̀lú ẹ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ti gba ipò òun. Áàpù tún gbìyànjú ti àkọ́kọ́ nínú ìlà, ó bá a níbẹ̀, ó ń gba ìkọ̀wé, ó padà sọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ ti ní ọ̀gá méjì nìyẹn, láìsí àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dènà ẹ̀ ò ju fáìlì kékeré kan lọ, kẹ́ ẹ ṣe é lórí sáfà méjèèjì:

echo manual | sudo tee /etc/postgresql/16/main/start.conf
sudo systemctl daemon-reload

Látìgbà yẹn, tí sáfà bá kú tó sì jí, Postgres ò ní jí bí kò ṣe pé èèyàn sọ fún un. Ó ní tiẹ̀ o, tí sáfà bá kàn tún ara ẹ̀ tàn lóru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde lọ tan Postgres. Mo gbà kí wọ́n jí mi lóru ju kí n máa to rìsíìtì méjì-méjì lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹni tó máa ta yín jí

Ẹ wá ẹ̀rọ kẹta, èyí tó kéré jù tí wọ́n ń yá èèyàn, tàbí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan níbòmíì tó ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé Uptime Kuma sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, á máa kan ilẹ̀kùn ọ̀gá àti ìgbákejì, á sì máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Telegram. Kó má ṣọ́ ọ̀gá nìkan. Kó sọ fún yín tí pg_stat_replication bá ṣófo, kó sọ fún yín tí dísìkì bá kọjá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kó sọ fún yín tí backup àná ò bá sí. Ìgbákejì tó ti kú láti oṣù tó kọjá tẹ́nì kan ò mọ̀, ó burú ju kẹ́ ẹ má ní rárá lọ, torí ẹ ti fọkàn tán an.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀

Ẹ má sáré. Àkọ́kọ́, ẹ wò ó láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó yàtọ̀, láti Wi-Fi ọ́fíìsì àti láti dátà fóònù, kẹ́ ẹ tún wo ohun tí ẹ̀rọ kẹta ń sọ. Ṣé sáfà ló kú ni, àbí ọ̀nà tẹ́ ẹ fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Tó bá jẹ́ ọ̀nà, tí kásítọ́mà ṣì ń rà, ẹ fi í sílẹ̀.

Tó bá kú lóòótọ́, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ó lè jí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ pánẹ́ẹ̀lì àwọn tó ń yá yín ní sáfà, kẹ́ ẹ pa ọ̀gá, power off, kódà tó bá ti dà bíi pé ó ti kú. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun míì. Tó bá jẹ́ inú ọ́fíìsì ló wà, kẹ́nì kan lọ yọ wáyà ẹ̀ lára ògiri. Tẹ́ ẹ ò bá rí ọ̀nà láti pa á, tẹ́ ẹ ò sì lè fi dá ara yín lójú pé ó kú, ẹ má gbé ìgbákejì sípò, ẹ kọ̀wé sí kásítọ́mà pé ẹ ń bọ̀.

Ó ti kú, ó dá yín lójú. Lórí ìgbákejì:

sudo -u postgres psql -c "SELECT pg_promote();"
sudo -u postgres psql -c "SELECT pg_is_in_recovery();"

Ìkejì gbọ́dọ̀ mú f wá. Ẹ tún áàpù tàn, ẹ fi owó kékeré ra nǹkan kan fúnra yín, kẹ́ ẹ rí i pé ó wọlé. Ẹ má fòyà tí nọ́ńbà rìsíìtì bá fo láti 1040 sí 1070 tàbí bẹ́ẹ̀, Postgres máa ń ka nọ́ńbà bíi 32 ṣíwájú, ọ̀gá tuntun ò sì mọ èyí tí wọ́n ti lò gan-an nínú ẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọ́dà ọgbọ̀n ló sọnù. Ẹ sọ fún akáúńtáńtì yín kó tó béèrè.

Ọ̀gá àtijọ́, ẹ má tan Postgres ẹ̀ bó ṣe wà. Tí dátábéèsì yín ò bá ju GB mélòó kan lọ, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin, kó wá di ìgbákejì ẹni tó ti jẹ́ ìgbákejì ẹ̀. Tó bá tóbi, pg_rewind wà, torí ẹ̀ la ṣe kọ wal_log_hints. Èyí ó wù kẹ́ ẹ ṣe nínú méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ kó fóódà àtijọ́ yẹn pa mọ́, bóyá ọ́dà tó gbẹ̀yìn wà nínú ẹ̀ tí kò tíì dé ọ̀hún.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ fi dánra wò

Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kutukutu, ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹ tan Postgres ọ̀gá pa wẹ́rẹ́, ó máa rí i pé gbogbo nǹkan dé ọ̀dọ̀ ìgbákejì kó tó sùn, ẹ gbé ìgbákejì sípò, kẹ́ ẹ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹ ka ìṣẹ́jú tó gbà. Kì í ṣe ẹni tó ṣètò ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹlòmíì ni kẹ́ ẹ fún, kó máa ka ìwé tẹ́ ẹ kọ, kí ẹni tó kọ ọ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má sọ̀rọ̀. Gbogbo ibi tí ẹni yẹn bá ti dúró bi yín ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni ìwé yín ò ti pé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa dá a ṣe

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti dánra wò dáadáa, tí ìdajì wákàtí ò tó mọ́, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ronú ẹ̀. Sáfà méjì ò lè dìbò. Tí wọn ò bá rí ara wọn, kálukú á sọ pé ẹnì kejì ló kú, kò sí ẹni tó máa là wọ́n. Ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ wà. Èyí tó rọrùn jù fún ilé iṣẹ́ kékeré lójú mi ni pg_auto_failover: ẹ̀rọ kékeré kan tó jẹ́ monitor, àti sáfà dátábéèsì méjì. Tí monitor bá kú, dátábéèsì á máa bá iṣẹ́ lọ, kò kàn ní lè pààrọ̀ ni. Kọmáńdì pg_autoctl show state á fi hàn yín ibi tí kálukú dúró, pg_autoctl perform switchover lẹ ó fi máa dánra wò. Patroni lágbára jù ú lọ, Zalando ní Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó sì sábà máa ń fẹ́ etcd, ohun tí wọ́n fi ń fẹnu kò lórí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá, lórí ẹ̀rọ mẹ́ta, ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ máa ní ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ ò ju èyí lọ.

Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé iṣẹ́ yín tó mọ Linux, ẹ ra èyí tí wọ́n ń bá yín tọ́jú. RDS Multi-AZ ti Amazon tó ìlọ́po méjì owó ẹyọ kan, ó wọ́n, àmọ́ ó dín sí owó ẹni tẹ́ ẹ máa gbà síṣẹ́.

Ẹ̀yin oní-MySQL, bákan náà ni ìlànà, GTID lẹ máa tàn, kẹ́ ẹ lo CHANGE REPLICATION SOURCE TO pẹ̀lú SOURCE_AUTO_POSITION=1, kẹ́ ẹ fi read_only àti super_read_only sórí ìgbákejì. Galera ti MariaDB náà dáa, àmọ́ mẹ́ta lòun náà ń fẹ́, garbd lè ṣe ẹ̀kẹta lórí ẹ̀rọ kékeré.

Ìyẹn tán, ó ku ìwé. Ẹ tẹ ìgbésẹ̀ kẹjọ sórí bébà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, kí ẹ̀dà kan wà nílé ẹni méjì. Kẹ́ ẹ wá wò ó, pánẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ máa fi pa ọ̀gá yẹn, orí fóònù ta ni kóòdù ìwọlé ẹ̀ ń lọ? Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tó wá wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ètò yìí dúró nìyẹn. Ẹ fi ẹnì kejì kún un lónìí.